Ẹnu ọmọ mi funfun, kò sì lọ: kí lẹ lò fún tiyín?

Ìyá Ìrètí, Àsèrò

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ mi pé oṣù márùn-ún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti tó ọjọ́ méje tí ẹnu rẹ̀ ti ń funfun. Mo kọ́kọ́ rò pé omi ọmú ló dì mọ́ ọn láhọ́n. Mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kò kúrò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó ti dé inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn bú ẹ̀kọ tútù wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Bó bá fa ọmú lẹ́ẹ̀mejì, á já a sílẹ̀, á figbe ta.

Ìyá ọkọ mi wá láti Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ lánàá. Wọ́n we aṣọ mọ́ ìka, wọ́n ha ibì kan. Ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Ẹkún tèmi pọ̀ ju tọmọ lọ. Wọ́n ní oyin ni ká máa fi ra á lẹ́nu, ìgò oyin ọ̀hún wà lórí tábìlì níbí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Aládùúgbò mi ní àdí àgbọn ni. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní omi ewúro. Ká sòótọ́, mi ò fẹ́ fi òògùn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ bí ohun ilé bá lè ṣe é. Ta ló ti bá irú èyí pàdé?

Ìyá Kọ́lá

Ẹ gbé oyin yẹn kúrò lórí tábìlì ná. Ọ̀rọ̀ yòókù ń bọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í tọ́ oyin wò, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó.

Yèyé Aládìrẹ, Ìtòkú

Ìyá Kọ́lá, ẹ má bínú o, ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́, gbogbo wọn ló lá oyin lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kò sí èyí tó kú níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Adátán

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè wọn. Lílá oyin ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a kò bá yín jà lórí ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Oyin lè gbé irúgbìn kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum. Ikùn àgbàlagbà kì í jẹ́ kó ráyè. Ikùn ọmọ ọwọ́ kò tíì gbó, irúgbìn náà lè hù níbẹ̀ kó máa tu májèlé. Ọmọ á kọ́kọ́ há ìgbẹ́, ẹkún rẹ̀ á wá rẹlẹ̀, ọrùn rẹ̀ á rọ̀, kò ní lè fa ọmú mọ́. Ó lè dé ibi èémí. Kì í ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ọmọ tó lá oyin, ìdí nìyẹn tí tiyín kò fi rí i. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ sí, wàhálà ńlá ni. Ẹni tí kò tíì pé oṣù 12, ká kúkú fi oyin jì í.

Ìyá Ìrètí, kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ dá mi lóhùn mẹ́ta. Ṣé ọmọ ti lo antibáyótíìkì láìpẹ́? Báwo ni orí ọmú yín? Ìdí ọmọ ńkọ́?

Ìyá Ìrètí, Àsèrò

Háà. Ẹ̀yin àǹtí, bíi pé ẹ wà nílé mi. Ó wúkọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ sí kẹ́míìsì kan, wọ́n ní kí n máa fún un ní antibáyótíìkì. Kò sí dókítà níbẹ̀, èmi ni mo lọ fẹ́sẹ̀ ara mi. Ọmú mi ń ta mí, pàápàá lẹ́yìn tó bá mu tán, ó ń ta bí ìgbà tí wọ́n fi ata rodo ra á. Mo rò pé eyín ló fẹ́ hù tó fi ń gé mi jẹ. Ìdí rẹ̀ pọ́n, mo ti ń fi òrí pa á.

Nọ́ọ̀sì Adátán

Ó ti yé mi. Ìwúkàrà ni, irú olú tíntìntín kan. Candida ni wọ́n ń pè é. Ó ń gbé ẹnu, ikùn àti awọ ara ọ̀pọ̀ èèyàn láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí àwọn kòkòrò rere tó yí i ká kì í jẹ́ kó ráyè tàn. Antibáyótíìkì kò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni búburú, ó gbá gbogbo wọn lọ. Àmọ́ kò lè pa Candida, torí kì í ṣe ẹ̀yà kòkòrò tí òògùn yẹn ń bá jà. Ẹ wá rí i: ilé ṣófo, ó gbà á. Ọ̀pọ̀ ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ọmọdé kò sì nílò antibáyótíìkì rárá. Mi ò fi bú yín o, ojoojúmọ́ là ń rí i.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ yàtọ̀ sí omi ọmú nìyí: omi ọmú máa ń wà lórí ahọ́n nìkan, bẹ́ ẹ bá nù ún á lọ. Èyí máa ń dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, àjà ẹnu àti èèpo ètè, bẹ́ ẹ bá fipá ha á, abẹ́ rẹ̀ á pọ́n tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ẹ má ha á mọ́. Egbò lẹ̀ ń dá sí i lẹ́nu.

Ọmú tó ń ta yín yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ló ti bọ́ síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹnu ọmọ tẹ́ ẹ fi orí ọmú sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á kàn máa jù ú síra yín bí ọmọ ayò. Ẹ máa fún un lọ́mú lọ o, ẹ má dá a dúró.

Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Nystatin olómi, òògùn tó ń pa Candida, ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù òògùn òyìnbó, ẹ gbọ́: kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, ibi tó bá kàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ní kò ṣiṣẹ́ fáwọn, wọ́n ń dà á sí ọmọ lọ́nà ọ̀fun, ó ń gbé e mì lójú ẹsẹ̀. Iye tí wọ́n sábà ń kọ fún ọmọ ọwọ́ ni mílílítà 1, èyí tó jẹ́ 100,000 yúnítì, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ohun tí dókítà bá kọ fún tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ mi ìgò dáadáa, torí ó máa ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mu ọmú tán ná. Ẹ fi ìdajì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ìdajì sí ti òsì, kẹ́ ẹ fi ìka tó mọ́ pa á yí ká. Bí funfun yẹn bá lọ, ẹ fi ọjọ́ méjì kún un kẹ́ ẹ tó dáwọ́ dúró. Orí ọmú ní ìpara tirẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn níbẹ̀.

Yèyé Aládìrẹ, Ìtòkú

Mo gbọ́ ti oyin. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àdí àgbọn, torí ìyẹn kì í ṣe àròsọ. Mo máa ń sè é fúnra mi. Àgbọn mẹ́jọ, ẹ fọ́ ọ, ẹ rin ín, ẹ fún omi rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ohun tó bá dì lókè lẹ máa gbé kaná, iná díẹ̀díẹ̀, títí èérí rẹ̀ á fi pọ́n tí òróró á mọ́ kedere. Ìyẹn ni mo fi ra ọmọ ọmọ mi lẹ́nu lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kẹrin ló mọ́.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì

Màmá kò parọ́ pátápátá. Lọ́dún 2007, àwọn kan ní Ìbàdàn tẹ àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jáde. Wọ́n kó àpẹẹrẹ Candida 52 tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn, wọ́n fi àdí àgbọn dán wọn wò, àdí náà sì dá ìdàgbà wọn dúró. Ásíìdì kan tó pọ̀ nínú ọ̀rá àgbọn, lauric, ni wọ́n gbà pé ó ń ṣe é. Ó wà nínú àdí dúdú náà.

Àmọ́ inú àwo ìdánwò ni wọ́n ti ṣe èyí. Ẹnu ọmọ kì í ṣe àwo. Itọ́ wà níbẹ̀, omi ọmú ń fọ̀ ọ́ lọ ní wákàtí méjì méjì. Kì í sì í ṣe nǹkan tí wọ́n ti fi wé nystatin lára ọmọ ọwọ́ tí mo rí kà. Bó bá jẹ́ tèmi, mo lè fi díẹ̀ pa orí ọmú ara mi lẹ́yìn ìfọ́mọlọ́mú, ká ní mo ní ọmú. Mi ò ní fi í rọ́pò ìtọ́jú.

Ìyá Kọ́lá

Ká ní ẹ ní ọmú 😂

Yèyé, funfun ẹnu ọmọ máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn o. Ti Kọ́lá, mi ò fi nǹkan kan sí i, ó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀. Bí mo bá ti fi omi ẹ̀wà ra á lẹ́nu ni, omi ẹ̀wà ni ǹ bá máa júbà lónìí.

Yèyé Aládìrẹ, Ìtòkú

Ọ̀rọ̀ rẹ dùn ún gbọ́, ọmọ yìí. Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òògùn lè sọ fún mi nípa èyí tá a ń lò nígbà tá a bí àwọn ẹ̀gbọ́n yín? Gílísírìnì oníborax ni wọ́n ń tà fún wa fún ẹnu ọmọ. Òmíràn tún wà, aláwọ̀ àlùkò, tó máa ń ba aṣọ jẹ́. Mo mọ àwọ̀ yẹn dáadáa, bí aṣọ tí mo ń pa láró bá rí bẹ́ẹ̀ owó ni.

Nọ́ọ̀sì Adátán

Màmá, borax kò yẹ lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Ó ti mú gìrì wá fáwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ọmú rọ́bà bọ inú rẹ̀ fún. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní i nílé, kó dà á nù.

Aláwọ̀ àlùkò yẹn ni gentian violet. Wọ́n ṣì ń lò ó láwọn ibi tí kò sí nystatin, èyí tí wọ́n fi omi là dáadáa, kì í ṣe bí wọ́n ṣe rà á nínú ìgò. Èyí tó bá le jù máa ń jó ẹnu ọmọ. Lọ́dún 2019 ni àwọn aláṣẹ ètò ìlera Kánádà kìlọ̀ fáwọn èèyàn wọn kí wọ́n yé lò ó torí ìfura jẹjẹrẹ. Èmi kì í fún ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó lọ rà á fúnra rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Ìjàyè

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan dá sí ti ìdí pípọ́n, torí èmi ni mo ń fọ̀dí nílé wa. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyàwó mi ń ṣe.

Ìbejì mi pé oṣù mẹ́jọ nígbà náà. Ìdí Kẹ́hìndé pọ́n bíi tàtàṣé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀. Òrí ni mo kọ́kọ́ lò. Ó dán, ó ń tàn yanran, ó sì ń burú sí i. Ọjọ́ kan ni nọ́ọ̀sì kan ní kí n ya ẹsẹ̀ ọmọ kí n wo inú ìkákò itan dáadáa. Ó ní pípọ́n tó jẹ́ ti ìtọ̀ lásán máa ń wà níbi tí páńpásì ti ń ra ara, kì í sábà wọnú ìkákò. Èyí tó jẹ́ ti ìwúkàrà ló ń wọbẹ̀, ó sì máa ń tú àwọn àmì pupa kéékèèké ká sí ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí adìẹ bá tú ọmọ rẹ̀ ká. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Gbogbo òrí tí mo ń pa, orí omi ni mo ń fi ọ̀rá bò mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo ṣe kò ná mi lówó púpọ̀. Ìpara clotrimazole lásán, èyí tó ń pa ìwúkàrà, ni wọ́n kọ fún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ń fi omi lásán fọ̀ ọ́, mo ń fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, mi ò fi nù ún. Lọ́sàn-án mo máa ń tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, màá dà wọ́n dojú dé síbẹ̀ láìwọ nǹkan kan nídìí. Ẹ mọ ooru ìlú yìí. Wọ́n tọ̀ sí mi lára, Táyé yàgbẹ́ sórí fóònù mi lẹ́ẹ̀kan. Mo pa páńpásì tì fún ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ ìdí la lò, mo ń sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Bí oòrùn bá ti kan àpáta yẹn, tó bá di aago méjì, èèyàn ò lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lásán, aṣọ á gbẹ táútáú. Ọjọ́ kẹfà, ìdí ọmọ mi padà sípò.

Ìyá Ìrètí, ẹ dá òrí dúró ná.

Ìyá Kọ́lá

Bàbá Ìbejì, Ọlọ́run á dá fóònù yín padà.

Kí n fi kan kún un. Ìpara kan wà tí gbogbo kẹ́míìsì máa ń nà síni, mẹ́ta-nínú-ọ̀kan. Wọ́n á ní ó ń pa gbogbo ẹ̀. Ojú ibẹ̀ á rọlẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ kejì, torí steroid, òògùn tó ń mú pípọ́n lọ sílẹ̀, wà nínú rẹ̀, ẹ óò máa dúpẹ́. Àmọ́ ọmọ àbúrò mi lò ó fún oṣù kan gbáko, awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó bó, iṣan wá hàn lábẹ́ rẹ̀. Páńpásì tó sì bò ó mọ́lẹ̀ ń mú kí ara fà á mu sí i. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí kẹ́ ẹ tó ra nǹkan. Bí orúkọ òògùn bá ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀, ẹ béèrè.

Elégbòogi Láfẹ̀nwá

Mo ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Ewé àti egbò ni mò ń tà, nítorí náà ẹ lè ní màá sọ pé kẹ́ ẹ wá rà. Rárá.

Ewé tí wọ́n ń béèrè jù lọ́wọ́ mi fún irú nǹkan báyìí ni àsúnwọ̀n òyìnbó. Ó dára fún làpálàpá, ọmọ ilé ìwé tó bá ní i lórí tàbí lọ́rùn, ẹ gún ewé rẹ̀ tútù, ẹ fi ra ojú ibẹ̀. Àmọ́ làpálàpá kì í ṣe ìwúkàrà, àwọn méjèèjì kàn jọ jẹ́ ìran olú ni. Àti pé àsúnwọ̀n máa ń yọ inú èèyàn. Àgbàlagbà ń mu ún kó lè yàgbẹ́. Ẹ fi sí ọmọ oṣù márùn-ún lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru lẹ máa rí, omi ara rẹ̀ á tán.

Ewúro náà, mi ò fún ọmọ ọwọ́. Aáyù tí wọ́n ń gún báyìí torí pé wọ́n rí i lórí fóònù, ó máa ń bó ara. Obìnrin kan gbé ọmọ wá bá mi, wọ́n ti fi aáyù sí i nídìí, ó ti roro bíi pé iná jó o. Mo ní kó máa gbé e lọ sí ọsibítù, mi ò gba kọ́bọ̀. Mo máa ń bi oníbàárà mi pé ọmọ ọdún mélòó ni. Bí ó bá ti ní oṣù mélòó kan, mo ti mọ̀ pé mi ò ní tà á.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Ẹ ǹlẹ́ o gbogbo ilé. Níbí, ọ̀rọ̀ ìwúkàrà ti di nǹkan mìíràn. Àwọn òbí kan gbà pé ó kún inú ikùn ọmọ, òun ló ń fa àìgbọràn, àìlèsọ̀rọ̀, àìlèsùn. Wọ́n á yọ ṣúgà, búrẹ́dì, èso àti wàrà kúrò nínú oúnjẹ ọmọ fún oṣù púpọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe é fún ọmọkùnrin rẹ̀ ọdún mẹ́ta tí kò tíì sọ̀rọ̀, ó ní kí n ṣe é fún tèmi tó ń sáré kiri. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Adátán

Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó lọ yẹ etí rẹ̀ wò, kó sì rí ẹni tó mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ. Oṣù tí wọ́n ń fi ebi pa á yìí, oṣù ìtọ́jú ló ń lọ.

Candida máa ń wà nínú ìgbẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ le koko. Pé wọ́n rí i níbẹ̀ kò ní kó jẹ́ àìsàn. Kò sí ẹ̀rí tó dúró pé òun ló ń fa àìsọ̀rọ̀ tàbí ìsáré kiri. Ẹ dín ṣúgà kù fún eyín ọmọ, ìyẹn dáa. Èso àti búrẹ́dì kò ṣẹ̀ yín.

Tiyín tó ń sáré kiri, ẹ lè kan ra bọ́ọ̀lù fún un.

Ìyá Mojí, Òbáńtokò

Omi ògì ńkọ́? Ìyá mi ní omi orí ògì tó kan dáadáa ń tún inú ọmọ ṣe lẹ́yìn antibáyótíìkì.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì

Àwọn kòkòrò rere wà nínú omi ògì lóòótọ́, àwọn ló ń mú un kan. Ìṣòro méjì ló wà. Omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo, ta ló mọ ibi tó ti wá? Bẹ́ ẹ bá sì sè é kẹ́ ẹ lè pa èyí tí kò dáa, ẹ ti pa èyí tó dáa pẹ̀lú.

Nọ́ọ̀sì Adátán

Ọmọ Ìyá Ìrètí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Omi ọmú nìkan, kò sí omi ògì, kò sí àgbo, kò sí omi lásán pàápàá. Fún ọmọ ọdún méjì, mẹ́ta, yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà kò burú, oúnjẹ ni, kì í ṣe òògùn.

Ẹni tó bá ní ọmọ oníkọ́ fée tó ń lo ínhélà tó ní steroid láàárọ̀ àti lálẹ́: kó máa fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dà nù lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ funfun ẹnu ọmọ ilé ìwé tí mò ń rí, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ọmọ tó bá ti ju ọdún kan lọ tí funfun yìí ń lọ tó ń bọ̀, tí kò sì lo antibáyótíìkì tàbí ínhélà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ti ìtọ̀ ṣúgà àti ti HIV. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn máa ń le lẹ́nu. Ẹ ṣe é síbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò mu ọmú mọ́, tí aṣọ ìdí rẹ̀ gbẹ láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ má dúró ka ohun tá à ń kọ síbí, ẹ gbé e lọ.

Ìyá Ìrètí, Àsèrò

Ẹ káàárọ̀ o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo kọ̀wé. Mo gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Nystatin ni wọ́n kọ lóòótọ́, wọ́n fún èmi náà ní ìpara orí ọmú. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ mo ń dà á sí i lọ́nà ọ̀fun bẹ́ ẹ ṣe sọ pé ká má ṣe, torí ó ń jà mí lápá. Ọkọ mi ló wá ń di orí rẹ̀ mú, tí mo ń fi sírínjì kékeré sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ kẹrin ló ti ń mu ọmú kún. Ẹnu mọ́ lánàá, ó ku ọjọ́ méjì tí màá fi kún un. Mo se ọmú rọ́bà rẹ̀, mo wá kúkú jù ú nù.

Bàbá Ìbejì, a kò ní àpáta lẹ́yìn ilé, orí páànù ilé adìẹ la ń sá aṣọ ìdí sí.

Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí nígbà tí mo ń ka ọ̀rọ̀ yín sókè. Nígbà tí mo dé ibi ti oyin, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n mú ìgò náà sínú báàgì wọn. Wọ́n ní tíì làwọn á fi mu.